Febi Pa Jẹjẹrẹ: Iṣẹ́ Asparagine Nínú Sẹ́ẹ̀lì àti Nínú Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Májèlé ni ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Òmíràn ń já DNA inú sẹ́ẹ̀lì, òmíràn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí ara rẹ̀ pín sí méjì, òmíràn sì ń dínà mọ́ àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ DNA tuntun. Níbi tí wọ́n ti ń bá jẹjẹrẹ jà náà ni wọ́n ti ń ṣe ara tó dá ṣáṣá léṣe. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí èébì kì í fi í dá lára ẹni tó ń gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà láàárín wọn tí kò níṣẹ́ kankan ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wà, ohun tó sì ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń run èròjà oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní asparagine, títí tí kò fi ní ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara lè fara da èyí fúngbà díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni kò lè fara dà á. Ebi ni yóò pa á.

Asparaginase ni orúkọ oògùn náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń gún un fún àwọn ọmọdé tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn dókítà ń pè ní acute lymphoblastic leukaemia, tí wọ́n ń gé kúrú sí ALL. Nígbà tí ọdún 1960 ń wọlé, ọmọ tí àìsàn yìí bá mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ìwọ̀nba oṣù ló máa ń lò. Lónìí, nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá ní in ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti péye, bíi mẹ́sàn-án ló ń yè é. Asparaginase kò dá iṣẹ́ yìí ṣe, ọ̀pọ̀ oògùn ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ìlànà ìtọ́jú ALL ọmọdé tó múná dóko tí kò sí nínú rẹ̀.

Kí a tó lè lóye bí oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tó fi máa ń kùnà nígbà mìíràn, ìbéèrè méjì la ní láti máa bi ara wa: ta ló lè ṣe asparagine fúnra rẹ̀, ta ni kò lè ṣe é? Ǹjẹ́ asparagine ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ ní tòótọ́, àbí a kàn rò pé ó ti tán ni?

Ta ló ń ṣe é?

Gbogbo purotéènì tó wà lára èèyàn, láti orí ẹran ara dórí èékánná, ogún irú èròjà ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Ámínò ásíìdì ni wọ́n ń pè wọ́n, asparagine sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ni ọmọ aráyé kọ́kọ́ rí yọ sọ́tọ̀ nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1806, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Nicolas Vauquelin àti Pierre Jean Robiquet fún omi ewébẹ̀ asparagus, wọ́n jẹ́ kí omi náà fà, wọ́n sì bá nǹkan funfun tó dì sínú rẹ̀ bí hóró iyọ̀. Orúkọ ewébẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Kì í ṣe inú ewébẹ̀ yẹn nìkan ló wà o. Ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún.

Ámínò ásíìdì mẹ́sàn-án wà tí ara kò lè ṣe, àfi kéèyàn jẹ wọ́n nínú oúnjẹ. Asparagine kò sí lára wọn, nítorí ara ń ṣe é fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní asparagine synthetase, tàbí ASNS ní gígé kúrú, ló sì ń ṣe é. Ẹ́ńsáìmù yìí á mú aspartate, á já náítírójìn kan lára glutamine, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ aspartate náà, á sì ná ATP, tí í ṣe agbára inú sẹ́ẹ̀lì, lé e lórí. Aspartate á wá di asparagine, glutamine tí wọ́n já nǹkan lára rẹ̀ á sì di glutamate. Orí krómósómù keje ni jíìnì tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ẹ́ńsáìmù yìí wà.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní jíìnì náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lò ó bákan náà. Ẹ jẹ́ ká fi wé àdúgbò kan tí àwọn ilé kan ti ń dáná fúnra wọn, tí àwọn mìíràn sì gbójú lé olóúnjẹ ìta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lọ́jọ́ tí olóúnjẹ bá patẹ, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọjọ́ tí kò bá wá la máa tó mọ ilé tí koríko ti hù sí ààrò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni olóúnjẹ yẹn. Ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ń tú asparagine sínú rẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án, sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ á sì bu tirẹ̀. Iye tó ń wà níbẹ̀ kò sì pọ̀: nínú lítà kan omi ẹ̀jẹ̀, kò tó mílígíráàmù mẹ́wàá.

Nínú ALL, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí koríko ti hù sí ààrò wọn. Kì í ṣe pé jíìnì ASNS sọnù lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àmì kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní methyl ló lẹ̀ mọ́ ẹnu jíìnì náà, tí wọn kò fi lè kà á bó ṣe yẹ. ASNS inú sẹ́ẹ̀lì wá kéré jọjọ, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín wéréwéré ni, tó nílò purotéènì tuntun ní gbogbo ìgbà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń gbé asparagine wá, kò sí ìyọnu fún un.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń fi í ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí asparagine ń ṣe ni kíkọ́ purotéènì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dé ibi tó yẹ kó fi asparagine sí lára purotéènì tó ń kọ́ tí kò sì rí i, iṣẹ́ dúró níbẹ̀; kò sí ámínò ásíìdì mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ purotéènì tó ń lọ sí ojú sẹ́ẹ̀lì, tàbí tó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n máa ń so ẹ̀wọ̀n ṣúgà mọ́ kí wọ́n lè ká dáadáa kí wọ́n sì pẹ́ láyé. Orí asparagine ni wọ́n ń so púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀wọ̀n yìí mọ́.

Iṣẹ́ kejì farasin, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tó ń bá Craig Thompson ṣiṣẹ́ ní New York fi hàn pé bí glutamine bá tán fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan, ikú ló kù fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bu asparagine díẹ̀ fún un, kò ní kú. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé sẹ́ẹ̀lì náà kò sun asparagine yìí bí epo, kò sì tú u palẹ̀ láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Los Angeles rí ìdí mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tọ́jú rẹ̀: ó ń fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Yóò ti asparagine jáde, yóò sì fi gba serine, arginine àti histidine wọlé. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti wọlé tán, mTORC1, ìyẹn àkójọ purotéènì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé oúnjẹ wà, kí ó máa dàgbà, á gbéra. Nípa báyìí, asparagine ju ọ̀kan lára ohun ìkọ́lé lọ. Òun náà wà lára àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń wò kó tó pinnu bóyá kó dàgbà tàbí kó dúró.

Eku Kidd àti ẹ̀jẹ̀ guinea pig

Ẹni tó kọ́kọ́ rí agbára oògùn yìí kò wá a. Ní ọdún 1953, John Kidd, oníṣègùn kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Cornell ní New York, ń ṣe ìwádìí lórí àwọn eku tí wọ́n gbin jẹjẹrẹ lymphoma sí lára. Ó ń lo omi ẹ̀jẹ̀ guinea pig, ẹranko kékeré aláìnírù tí wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí. Omi ẹ̀jẹ̀ yìí ni omi tó máa ń ṣẹ́ kù bí ẹ̀jẹ̀ bá dì tán. Ìrànlọ́wọ́ lásán ló fi í ṣe nínú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ló bá rí i pé àwọn eku tí kò gba nǹkan mìíràn ju omi ẹ̀jẹ̀ guinea pig lọ, kókó ara wọn ń rọ̀, ó ń yọ́, àwọn kan sì sàn pátápátá. Ó dán ti ẹṣin wò, ó dán ti ehoro wò, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ti guinea pig nìkan ló ń jẹ́.

Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ guinea pig tí kò sí nínú ti àwọn yòókù? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó béèrè. Láti ọdún 1922 ni ará Ítálì kan, Clementi, ti kọ ọ́ pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ guinea pig tó ń fọ́ asparagine sí aspartate àti ammonia, àti pé òun kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran mìíràn tí òun yẹ̀ wò. Ní ọdún 1956, Neuman àti McCoy tún fi hàn pé jẹjẹrẹ eku kan báyìí kò lè hù nínú ìgò ìwádìí bí kò bá sí asparagine nínú omi tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀.

John Broome ló so wọ́n pọ̀ ní ọdún 1961. Ó fi ẹ́ńsáìmù náà àti agbára ìwòsàn omi ẹ̀jẹ̀ wé ara wọn, ó sì rí i pé wọn kì í ya ara wọn: ohun tó bá ba ọ̀kan jẹ́ ló ń ba èkejì jẹ́, ibi tí wọ́n bá sì ti rí ọ̀kan ni èkejì máa ń wà. Ẹ̀rí kan tún wà tó lágbára jù. Ó mú sẹ́ẹ̀lì lymphoma, ó sọ ọ́ di ẹni tó ń gbé níbi tí kò sí asparagine títí ó fi mọ́ ọn lára, ó sì dá a padà sára eku. Omi ẹ̀jẹ̀ guinea pig kò ràn án mọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àyẹ̀wò yìí yóò rí gbogbo ìtàn oògùn náà nínú rẹ̀, ìwòsàn àti ìkùnà, kí ẹnikẹ́ni tó gún ọmọ ènìyàn kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Láti inú bakitéríà dé orí bẹ́ẹ̀dì

Guinea pig kéré. Ẹ̀jẹ̀ mélòó la fẹ́ fà lára rẹ̀ tó máa tó ọmọ kan lò fún oṣù púpọ̀? Ìṣòro yìí ni Mashburn àti Wriston yanjú ní ọdún 1964, nígbà tí wọ́n fi hàn pé asparaginase tí wọ́n yọ láti inú bakitéríà E. coli ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí jẹjẹrẹ eku. Bakitéríà sì rèé, èèyàn lè gbìn ín sínú àgbá ńlá kó sì máa kórè rẹ̀. Láàárín ọdún 1966 sí 1967, ìròyìn nípa àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi asparaginase tọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lónìí. Àkọ́kọ́ ni ti E. coli gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò lẹ́jẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń gún un. Èkejì ni pegaspargase, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1994. E. coli náà ni, wọ́n kàn fi kẹ́míkà PEG bò ó lára kí ara má tètè dá a mọ̀, kó sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́fà kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, abẹ́rẹ́ kan sì lè gbé aláìsàn dé bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀kẹta wá láti inú Erwinia, bakitéríà tó ń mú kí ohun ọ̀gbìn rà. Òun ló tètè ń lọ jù, ìdajì rẹ̀ kì í lo ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òun ni asẹ́yìndè fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ ti E. coli.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì báyìí ni pé ara kì í jáwọ́ nínú títú asparagine sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti lọ sílẹ̀ jù, kíá ni asparagine á tún kún padà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti ń kú lọ á sì rí jẹ. Ebi ọjọ́ méjì kò ṣe nǹkan kan. Ebi tó gùn, tí kò sí àlàfo láàárín rẹ̀, ló ń pani.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì á mú abẹ́rẹ́ náà jáde nínú fíríìjì, á gún un sí itan ọmọ tàbí kó jẹ́ kó máa kán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí. Ó kéré tán, fún wákàtí kan, wọn kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ gbé e lọ sílé. Abẹ́rẹ́ adrenaline máa ń wà nítòsí, wọ́n á máa wo bóyá ara ọmọ ń lé, bóyá ojú rẹ̀ ń wú, bóyá èémí rẹ̀ ń há. Níbi tí ohun èlò bá wà, wọ́n á pè é padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, agbára ẹ́ńsáìmù ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n dípò asparagine. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, asparaginase tó wà nínú rẹ̀ kò dúró. Á máa jẹ asparagine lọ nínú ìgò. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan á sọ pé kò sí asparagine rárá, bẹ́ẹ̀ inú ìgò ló ti tán, ó lè wà lára ọmọ. Ìwọ̀n 0.1 ẹyọ agbára nínú mílílítà kan ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé ó tó láti fi nu ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ náà

Èèyàn lè rò pé oògùn tí kò wọnú sẹ́ẹ̀lì kò lè pani lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Purotéènì bakitéríà ni, ara ènìyàn sì mọ àjèjì. Ní ara àwọn kan, àwọn agbógunti inú ẹ̀jẹ̀ á dìde sí i, awọ ara á lé, ẹ̀mí gan-an lè wà nínú ewu. Ní ara àwọn mìíràn, èyí tó burú jù nìyí: agbógunti á pa ẹ́ńsáìmù náà láìjẹ́ kí àmì kankan hàn. Ọmọ ń gba abẹ́rẹ́, kò yún un, kò wú, inú òbí ń dùn pé ó gbà á dáadáa. Asparagine sì kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè tú àṣírí yìí.

Ìpalára mìíràn wá láti inú bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àti èyí tó ń dá a dúró kó má bàa dì níbi tí kò yẹ. Bí asparagine bá tán, méjèèjì á dínkù. Antithrombin, tó wà lára àwọn adènà, á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ọpọlọ. Pankíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń ṣe ínsúlínì, lè wú kó sì máa dunni gan-an. Bí èyí bá le, wọn kì í gún ẹni náà ní oògùn yìí mọ́. Ṣúgà lè ga lẹ́jẹ̀, pàápàá nítorí pé oògùn stẹ́rọ́ìdì máa ń bá a rìn. Ammonia tó ń jáde nígbà tí asparagine bá fọ́ lè mú kí orí aláìsàn wúwo. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà àti ti ẹni tó sanra sì máa ń jìyà rẹ̀ ju ti ọmọdé lọ.

Síbẹ̀, ẹni tó bá tètè dá a dúró tún lè jìyà ìyẹn. Nínú ìwádìí tí ilé ìwòsàn Dana-Farber ní Boston ṣe ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ tí kò lè gba asparaginase ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ kò ṣe dáadáa tó àwọn tó gbà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá dókítà lára láti sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ń yún ọmọ.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń wá oúnjẹ

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí asparagine bá ti wọ́n, sẹ́ẹ̀lì náà á mọ̀. Purotéènì GCN2 ló ń ṣọ́ èyí. Yóò rí i pé àwọn RNA tó yẹ kó máa gbé ámínò ásíìdì wá síbi iṣẹ́ ń wá lọ́wọ́ òfo. Kíá, á dín kíkọ́ purotéènì kù ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì, á sì jí ATF4 dìde. ATF4 á lọ sórí jíìnì ASNS, á ní kí wọ́n tan iná. Bí àmì methyl tó bo jíìnì náà bá nípọn, àṣẹ yìí kò ní mú nǹkan jáde, sẹ́ẹ̀lì á kú. Bí kò bá nípọn, tàbí bí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ti rí i ṣí, èyí á yè, á bí sí i, àìsàn á sì padà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò la iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ rárá. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ALL ń gbé, kò sì dá gbé ibẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gba mùdùnmúdùn ró máa ń ṣe asparagine púpọ̀, wọ́n sì ń bu fún jẹjẹrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ féfé, kí sẹ́ẹ̀lì tó wà ní kọ̀rọ̀ egungun sì máa jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń ṣe irú àánú yìí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó lè dáná fúnra rẹ̀ náà ló jẹ́ kí a mọ ìdí tí oògùn yìí kò fi ràn ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ mìíràn. Ti ọyàn, ti ìfun, ti pankíríásì, àwọn wọ̀nyí sábà máa ń dáná fúnra wọn. Wọ́n fi asparaginase sínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ láti fi bá jẹjẹrẹ pankíríásì jà. Ní ọdún 2021, ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ fi hàn pé kò mú ẹ̀mí aláìsàn gùn sí i. Ní òdìkejì, irú lymphoma kan tí wọ́n ń pè ní NK/T, tó wọ́pọ̀ ní Ṣáínà, Japan, Kòríà àti Peru, ASNS rẹ̀ kéré, oògùn yìí sì ti yí ìtọ́jú rẹ̀ padà.

Ṣé kéèyàn má jẹ ẹran mọ́ ni?

Ní ọdún 2018, Simon Knott, Gregory Hannon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí jẹjẹrẹ ọyàn nínú eku. Bí wọ́n bá dín asparagine oúnjẹ eku kù, tàbí tí wọ́n gún wọn ní asparaginase, jẹjẹrẹ ọyàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá fi kún un, ó ń ràn sí i. Kókó tó wà ní ọyàn gan-an kò dínkù; ìrìnkèrindò rẹ̀ ló dínkù. Ìròyìn náà tàn káyé, àwọn kan sì ti ń sọ pé kí aláìsàn jẹjẹrẹ yẹra fún ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Eku ni wọ́n wò, oúnjẹ tí wọ́n fún wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì pò ní ilé ìwádìí. Ara ènìyàn ń ṣe asparagine fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹran àti ẹ̀wà sílẹ̀ kò tíì sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di òfìfo, ẹran ara rẹ̀ ló ń sọ nù. Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ nílò purotéènì kó lè ní okun láti fara da ìtọ́jú. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 pẹ̀lú: wọ́n rí àwọn ìdílé kan tí jíìnì ASNS ọmọ wọn ti bàjẹ́ láti inú oyún. Orí àwọn ọmọ náà kéré, gìrì ń mú wọn, ọpọlọ wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ. Asparagine inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ ọpọlọ, ọpọlọ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Èròjà tí a ń fi du jẹjẹrẹ yìí, ọmọ inú oyún kò lè ṣe láìní in.

Abẹ́rẹ́ tó dé àti abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka asparaginase mọ́ àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ṣàìní. Láti wà nínú ìwé lọ́tọ̀, láti wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn lọ́tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti ilé iṣẹ́ tó ti wá títí dé itan ọmọ. Níbi tí iná ìjọba kò ti dúró, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á ní láti béèrè ọ̀nà tó gbà dé. Ní Nàìjíríà, àpò òbí ni owó ìtọ́jú ti ń jáde fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí owó bá tán ní ìdajì ọ̀nà, àlàfo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣí yẹn, jẹjẹrẹ á sì rí jẹ.

Oògùn olówó pọ́ọ́kú náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ọdún 2017, ìjọba Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í ra asparaginase kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Campinas kò fọkàn tán an, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé purotéènì bakitéríà mìíràn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé nínú ẹ̀jẹ̀ eku, agbára rẹ̀ kéré gan-an sí ti èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìgò náà mọ́, àkọlé rẹ̀ pé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò tó.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àyẹ̀wò agbára ẹ́ńsáìmù wà lára ìtọ́jú níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gún oògùn yìí, kó má jẹ́ àfikún tí wọ́n ń ṣe bí owó bá ṣẹ́ kù. Àyẹ̀wò kan náà ló ń fi oògùn tí kò dára hàn, òun ló ń fi èyí tí fíríìjì bàjẹ́ hàn, òun náà ló sì ń tú àṣírí agbógunti tí kò fi àmì hàn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbà á kò ní láti mọ ASNS tàbí ATF4 kó tó lè béèrè ìbéèrè tó yẹ. Kó bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ yìí?" Níbi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò bá sí, kó rí i pé kò sí abẹ́rẹ́ kan tó fò, kó sì mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe èyí tí wọ́n ń gún. Kékeré kọ́ ni ohun tí oògùn yìí lè ṣe fún ọmọ, bí asparagine bá tán lẹ́jẹ̀ ní tòótọ́, tí kò sì padà títí iṣẹ́ fi parí.